Ààrò fún sódà fàdákà nínú ṣọ́ọ̀bù ilé: kí ni kí n fi kọ́ ọ, iná wo ló máa tó?

Ọmọ_Kọ́pà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin ìyá wa. Ìmọ̀ràn yín ni mo ń fẹ́ lórí ààrò tí mo fẹ́ ṣe sí ṣọ́ọ̀bù inú ilé. Mo ń ṣe bọ́ílà kékeré kan fún ẹ́ńjìnnì sìtíìmù, kọ́pà ni gbogbo ara ẹ̀, ìbú ẹ̀ 100 mm, gígùn ẹ̀ 200 mm, awọ ẹ̀ nípọn 2.5 mm, páìpù kéékèèké sì tún gba inú ẹ̀ kọjá. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi sódà fàdákà (ródù irin tó ní fàdákà nínú, tá a ń yọ́ láti fi so kọ́pà tàbí idẹ pọ̀) jó nǹkan wẹ́wẹ́ pọ̀, fítíńgì idẹ, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, kì í fún mi ní wàhálà kankan. Bọ́ílà yìí ló wá yàtọ̀. Mo gbé e sórí bíríkì pupa lórí tábìlì irin, mo tan bọ́nà ọwọ́ tó ń lo agolo gáàsì, mo fẹ́ iná sí i lára títí agolo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, fúlọ́ọ̀sì (ìpara tá a ń kùn kí sódà lè lẹ̀ mọ́ kọ́pà) dúdú kirikiri, ródù sódà kàn ń ká jọ rogodo lójú jọ́ìntì ni, kò wọlé rárá. Ibi tí iná bá wà gan-an á gbóná, bí mo bá ti gbé iná kúrò níbẹ̀ báyìí ó ti tutù.

Ṣé iná ni ò tó ni àbí ibi tí mo gbé e sí ni ò dáa? Kí ni kí n fi kọ́ ààrò náà? Mo ní ìlàjì dúrọ́ọ̀mù kan nílẹ̀ tí mo lè fi ṣe abọ́ ẹ̀, bíríkì pupa náà sì pọ̀ lọ́wọ́ mi. Gáréèjì tí mo fi ṣe ṣọ́ọ̀bù ò fẹ̀, ilẹ̀kùn ńlá kan àti fèrèsé kan ló ní. Ẹ ṣé o.

Bọ̀dá_Wẹ́dà

Àbúrò, iná ẹ ni ò tó, kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀. Ti àwọn tó ń jó páìpù omi ni agolo gáàsì yẹn. Wá ọkísíjìn àti acetylene, iná ẹ̀ ju 3000°C lọ, kọ́pà ò ní lè bá ẹ ṣàgídí. Ó pẹ́ tí mo ti ń jó kọ́pà àti idẹ báyìí, mi ò kọ́ ààrò kankan, orí tábìlì irin náà ni mo ti ń ṣe é. Dojú iná kọ jọ́ìntì, fún un ní ródù, o ti parí nìyẹn.

Ẹ̀rọ_Kékeré

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o Bọ̀dá, mi ò fara mọ́ ọn fún bọ́ílà. Iná tó gbóná jù kọ́ ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́, iná tó PỌ̀ ló ń fẹ́. Iná propane tó ń fa afẹ́fẹ́ lásán ti ju 1900°C lọ, bẹ́ẹ̀ sódà tó ní fàdákà 55% nínú á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní 630°C, nígbà tó bá fi máa dé 660°C ó ti ń ṣàn bí omi. Ooru tí a ń wá ò jìnnà rárá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kọ́pà kì í jẹ́ kí ooru dúró sójú kan, ó ń gbé e sáré lọ síbi tó tutù, ó ju idẹ lọ níbi ká gbé ooru kiri ní bíi ìlọ́po mẹ́ta, ó ju irin lọ ní bíi ìlọ́po mẹ́jọ. Ìdí nìyẹn tí fítíńgì idẹ ò fi yọ Ọmọ_Kọ́pà lẹ́nu tí bọ́ílà wá ń yọ ọ́ lẹ́nu. Lára kọ́pà tó nípọn tó bẹ́ẹ̀, bó o bá fẹ́ jó jọ́ìntì kan, gbogbo bọ́ílà lo máa gbé gòkè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Bọ́ílà yẹn pẹ̀lú àwo orí, àwo ìdí àti páìpù inú ẹ̀ á lé ní kílò 2 díẹ̀. Kílò kan kọ́pà máa ń gba nǹkan bíi kilojoule 250 kó tó dé 660°C, kílò 2 á gba 500. Bọ́nà ọwọ́ olágolo ò ju bíi kilowatt 2 lọ, ìyẹn kilojoule 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ká ní gbogbo ẹ̀ ló ń wọ inú kọ́pà ni, ìṣẹ́jú 4 sí 5 ti tó. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ lọ, bíríkì pupa ń mu tiẹ̀, tábìlì irin ń mu tiẹ̀, bí bọ́ílà sì ṣe ń gbóná sí i lòun náà ń tú ooru dànù sí i, títí èyí tó ń wọlé á fi dọ́gba pẹ̀lú èyí tó ń jáde. Ibẹ̀ yẹn gan-an lo dúró sí, kó o lo agolo mẹ́wàá kò ní kọjá ibẹ̀.

Nítorí náà nǹkan méjì ló kù. Àkọ́kọ́, bọ́nà propane ńlá tó ń lo sílíńdà gidi, ẹnu ẹ̀ gbòòrò, iná ẹ̀ rọ̀ ó sì fẹ̀. Èkejì, ààrò tí kì í mu ooru. Bíríkì pupa wúwo, ṣe ló ń gba ooru sára. Bíríkì iná FÚFÚYẸ́ ni kó o wá, èyí tó kún fún ihò wẹ́wẹ́, tí wọ́n ṣe fún 1260°C, o lè fi ayùn ọwọ́ gé e, o sì lè fi ìka kan gbé e sókè. Fi tẹ́ ilẹ̀ ààrò, fi ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó o wá tọ́jú àwọn kan sílẹ̀ láìlẹ̀ wọ́n mọ́ nǹkan kan, àwọn yẹn lo máa ń kó yí iṣẹ́ ká bó bá ṣe tóbi tó. Fi àyè sílẹ̀ kí iná lè yí bọ́ílà po. Má ṣe dí i pa o, torí bọ́nà aláfẹ́fẹ́ ń fa afẹ́fẹ́ láti ihò ẹ̀yìn ẹ̀, tó o bá tì í bọ inú ihò tó há, èéfín ara ẹ̀ ló máa fà padà, á máa ṣẹ́jú, á sì kú.

Màmá_Fàdákà

Ọmọ mi, òótọ́ ni Ẹ̀rọ_Kékeré sọ nípa ooru. Nǹkan ọ̀ṣọ́ lèmi ń ṣe, iṣẹ́ mi ò tóbi tó tìẹ, ṣùgbọ́n fúlọ́ọ̀sì tó o ní ó dúdú yẹn ló gbà mí lọ́kàn. Fúlọ́ọ̀sì ní ọjọ́ orí lórí iná. Ó ń jẹ ìdọ̀tí tí ooru ń mú wá sójú kọ́pà, ìgbà tó bá yó kò lè jẹ mọ́, ó ti kú nìyẹn, sódà ò sì ní wọ jọ́ìntì mọ́ bó o fẹ́ bó o kọ̀. Tó o bá ti rí i pé ó dúdú tó sì le, má fi ródù fìtínà ẹ̀, jẹ́ kó tutù, fọ̀ ọ́ mọ́, kó o bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Irú èwo lo lò? Tó bá jẹ́ borax nìkan, 743°C ni borax tó ń yọ́, sódà 55% ti ṣàn kó tó jí. Borax dáa fún sódà tó le, èyí tí àwa alágbẹ̀dẹ fàdákà ń lò fún jọ́ìntì àkọ́kọ́. Fún tìẹ, fúlọ́ọ̀sì tó ní fluoride nínú ni, èyí tó ń ṣiṣẹ́ láti bíi 550°C dé 800°C. Fún nǹkan tó máa pẹ́ lórí iná bíi bọ́ílà, irú kan wà tó ń fara dà á dé 900°C, ìyẹn ni kó o lò.

Fi omi pò ó kó kì bí ìpara, kùn ún sójú méjèèjì kó o tó fi wọ́n síra, kì í ṣe ìta nìkan. Kí o tó kùn ún, fi sáńpépà ha kọ́pà náà kó dán, má fọwọ́ kan án mọ́ torí òróró ọwọ́. Kí àlàfo jọ́ìntì wà láàárín 0.05 mm sí 0.15 mm, àlàfo yẹn ló ń fa sódà wọlé, tó bá fẹ̀ jù kò ní fà á, tó bá há jù kò ní ríbi gbà.

Tí iná bá ti ń mú un, wo fúlọ́ọ̀sì. Á kọ́kọ́ funfun á wú, omi inú ẹ̀ ló ń jáde, má bẹ̀rù. Lẹ́yìn náà á sùn, á wá mọ́ gaara. Ìgbà tó bá mọ́ gaara báyẹn, o ti wà ní agbègbè 600°C. Gbé iná kúrò díẹ̀, fi ródù kan KỌ́PÀ, má fi kan iná. Kọ́pà ló gbọ́dọ̀ yọ́ ọ. Tó bá jẹ́ iná ló yọ́ ọ ló máa ń ká jọ rogodo tó o sọ yẹn.

Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí Ẹ̀rọ_Kékeré: bíríkì fúfúyẹ́ dáa, ṣùgbọ́n fúlọ́ọ̀sì máa ń jẹ ẹ́, á yọ́ mọ́ ọn lára, á wá di gíláàsì, iṣẹ́ rẹ á lẹ̀ mọ́ ọn. Èmi máa ń fi àfọ́kù bíríkì líle sábẹ́ iṣẹ́ kí nǹkan tó ń kán sílẹ̀ lè kán sórí ìyẹn.

Ẹ̀rọ_Kékeré

Ìyá wa, mo gbà, kó má ṣáà pọ̀. Àfọ́kù kéékèèké mẹ́ta tó kàn gbé bọ́ílà sókè ti tó, kí iná lè gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Tó bá ti di pé ẹ tẹ́ gbogbo ilẹ̀ ààrò pẹ̀lú bíríkì líle, a ti padà síbi tá a ti ń bọ̀. Ilẹ̀ ààrò tèmi máa ń jẹrà lóòótọ́, mo kàn máa ń yí bíríkì náà dojú dé ni, tójú méjèèjì bá ti lọ màá pààrọ̀ ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Irin

Ẹ kú àlàyé o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹni tí ò bá rí bíríkì fúfúyẹ́ ńkọ́, ṣé búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì ò lè ṣe é? Páálí asbestos àtijọ́ tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé náà wà nílẹ̀ níbí, mo gbọ́ pé iná kì í ràn án. Wúlù funfun tí wọ́n fi ń bo inú ààrò ìmọ̀kòkò náà ńkọ́?

Àǹtí_Ààbò

Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ n tètè dá sí i.

Asbestos: RÁRÁ. Má gé e, má fọ́ ọ, má gbé e sún mọ́ iná. Okùn wẹ́wẹ́ inú ẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró kì í sì í jáde, jẹjẹrẹ ló ń fà, ó sì lè pẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fara hàn. Páálí olósìmẹ́ńtì yẹn tún máa ń bú gbàù tí iná bá mú un, á wá fọ́n eruku náà káàkiri yàrá.

Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì àti kọnkéré: omi wà nínú ẹ̀ bó ti wù kó gbẹ lójú. Iná tó le bá dójú kan ibì kan, omi náà á di sìtíìmù, kọnkéré á wá fò sókè ní ègé-ègé. Ojú èèyàn ló máa ń wá. Kódà ilẹ̀ gáréèjì náà, má jẹ́ kí iná kọjú sí i.

Wúlù funfun: ó ń ṣiṣẹ́, kò sí ohun tó ń pa ooru mọ́ tó o, ṣùgbọ́n okùn ẹ̀ lewu fún ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá lẹ́yìn tó bá ti gbóná tó sì ti ń fọ́. Afẹ́fẹ́ bọ́nà yóò máa fẹ́ ẹ kiri. Tó bá di dandan, ẹ̀yìn bíríkì ni kó wà níbi tí iná ò ti lè fọwọ́ kàn án, kó o lo ìbòmú tó dáa nígbà tó o bá ń gé e.

Ọmọ_Kọ́pà, dúrọ́ọ̀mù yẹn, kí ló wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀? Tó bá jẹ́ epo bẹntiróòlù tàbí tínà, má fi ẹ̀rọ gé e, má jó o, afẹ́fẹ́ epo tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀ ti tó láti bú. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti gé e sí méjì tẹ́lẹ̀, fọ̀ ọ́, ha ọ̀dà inú ẹ̀ kúrò kó tó rí iná. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi síǹkì bò, wá nǹkan míì, síǹkì tó gbóná ń tú èéfín funfun tó ń fa ibà lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Ẹsẹ̀ tábìlì oníbò síǹkì náà wà lára ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mi tó le jù rèé. Ẹ wo ara ródù yín dáadáa. Àwọn ródù àtijọ́ kan ní CADMIUM (irin olóró kan) nínú, àwọn àgbà fẹ́ràn ẹ̀ torí ó ń ṣàn kíákíá ní bíi 610°C. Cadmium ń hó ní 767°C, bọ́nà rẹ lè kọjá ìyẹn láìròtẹ́lẹ̀, èéfín ẹ̀ ò sì ní òórùn tó máa kìlọ̀ fún ọ. Èèyàn á mí i símú, á lọ sílé láìsí nǹkan kan, ó di wákàtí díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, omi á kún inú ẹ̀dọ̀fóró, ó ti pa èèyàn. Ìlẹ̀ Yúróòpù ti fòfin dè é nínú sódà láti 2011. Tí ródù tẹ́nì kan fún ọ ò bá ní orúkọ lára, má lò ó.

Ilẹ̀kùn ńlá yẹn, ṣí i gbayawu, ṣí fèrèsé náà kí afẹ́fẹ́ lè kọjá, fluoride inú fúlọ́ọ̀sì náà ń tú èéfín tó ń ta ojú àti ọ̀fun. Propane wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, tó bá jò ilẹ̀ ló máa sùn sí, á kún ihò tàbí kòtò tó bá wà nílẹ̀ gáréèjì, nítorí náà kí sílíńdà wà níta. Aṣọ òwú ni kó o wọ̀, ọ̀rá ò dáa, á yọ́ mọ́ ọ lára. Lẹ́yìn tó o bá paná, dúró síbẹ̀ tó wákàtí kan kó o tó tilẹ̀kùn, ẹ̀ta iná tó bọ́ sínú ìyẹ̀fun pákó máa ń farapamọ́.

Bọ̀dá_Wẹ́dà

Àǹtí, ẹ ṣé, ti cadmium yẹn ó yẹ kí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n. Àmọ́ mi ò tíì gbà nípa ọkísíjìn o. Ẹnu bọ́nà wà tó ní ihò púpọ̀, tí iná ẹ̀ fẹ̀, tá a fi ń mú irin ńlá gbóná kó tó ṣe é tẹ̀. Ìyẹn á gbé bọ́ílà yẹn gòkè kíákíá, fúlọ́ọ̀sì ò sì ní tètè kú nígbà tí iṣẹ́ náà ò bá pẹ́. Ojú kan ṣoṣo tó tutù lára bọ́ílà tó ti gbóná tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tó ń parí ẹ̀ bí ọkísíjìn. Ọwọ́ ẹni ló ṣe kókó.

Ẹ̀rọ_Kékeré

Tó bá jẹ́ pé bọ́ílà ti gbóná ní ààrò tán, tí ọkísíjìn kàn wá bá a parí igun kan, mo bá yín lọ síbẹ̀ Bọ̀dá, àwọn tó ń ṣe bọ́ílà ńlá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ni mo ń bẹ̀rù fún. Kọ́pà yọ́ ní 1085°C, idẹ ò dé ibẹ̀ kó tó yọ́, fítíńgì idẹ tó wà lára bọ́ílà lè wó lulẹ̀ níwájú ẹ kó o tó ṣẹ́jú. Sódà tó gbóná kọjá ààlà náà, síǹkì inú ẹ̀ á hó jáde, ihò abẹ́rẹ́ ló máa fi sílẹ̀ lára jọ́ìntì.

Tí iná ẹnì kan ò bá tó, kí ẹnì kejì di bọ́nà kejì mú láti òdìkejì, kó máa mú ara bọ́ílà gbóná, kí ẹni àkọ́kọ́ gbájú mọ́ jọ́ìntì.

Onífíríìjì

Ẹ kú ìjíròrò o. Iṣẹ́ fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni mò ń ṣe, kọ́pà sí kọ́pà lójoojúmọ́. Kí ló dé tẹ́ ẹ ń da ara yín láàmú nípa fúlọ́ọ̀sì? Ródù kọ́pà tó ní phosphorus nínú wà, kò nílò fúlọ́ọ̀sì kankan lórí kọ́pà sí kọ́pà, phosphorus inú ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ fúlọ́ọ̀sì. Kò sì wọ́n tó ti fàdákà.

Ti gáàsì, ẹ má gbàgbé rẹ́gúlétọ̀. Rẹ́gúlétọ̀ sítóòfù ìdáná ò lè wa bọ́nà ńlá, bíi 30 mbar péré ló ń fún un, bọ́nà àwọn oníṣẹ́ ń fẹ́ bar 2 sí 4. Họ́ọ̀sì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti gáàsì tó ń gba agbára bẹ́ẹ̀, ti ìdáná lè já. Nọ́ọ̀tì gáàsì, ọwọ́ òsì ló ń wọ̀, àwọn tó bá ń fi tipátipá yí i ló ń bà á jẹ́. Fi omi ọṣẹ kun gbogbo oríkèé ẹ̀, tó bá hó, ó ń jò, má fi iná wá a.

Sílíńdà kékeré náà á dá ẹ lágara. Bó o bá ti ń fa gáàsì púpọ̀ lára ẹ̀, á tutù, yìnyín á bo ara ẹ̀, agbára iná á sì lọ sílẹ̀ láàárín iṣẹ́. Èyí tó tóbi ni kó o gbà, kó sì jẹ́ propane, butane kì í fẹ́ di gáàsì mọ́ tó bá ti sún mọ́ 0°C, propane á ṣì ń hó ní ìwọ̀n 40 sísàlẹ̀ òdo. Má fi iná yá sílíńdà láé, má sì dùbúlẹ̀ ẹ̀.

Ẹ̀rọ_Kékeré

Onífíríìjì, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ nípa gáàsì, mo fọwọ́ sí i. Ti ródù phosphorus nìkan ni màá tún ṣe. Lórí páìpù fíríìjì ó pé. Lára bọ́ílà tí wọ́n máa fi èédú dáná sí, rárá. Imí-ọjọ́ inú èéfín èédú máa ń jẹ jọ́ìntì yẹn. Tí irin bá sì wà níbì kan lára iṣẹ́ náà, phosphorus á mú kí jọ́ìntì gbẹ kó sì sán bí àwo. Idẹ náà ṣì nílò fúlọ́ọ̀sì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ooru tó fi ń ṣàn dáadáa ju ti fàdákà 55% lọ, ẹni tí iná ẹ̀ ò tíì tó kọ́ ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Onífíríìjì

Ti imí-ọjọ́ yẹn mi ò rò ó débẹ̀ torí kò sí èédú nínú iṣẹ́ tiwa. Ó yé mi. Tó bá jẹ́ gáàsì ló máa fi dáná sábẹ́ bọ́ílà ńkọ́?

Ẹ̀rọ_Kékeré

Ewu ẹ̀ dín kù, ṣùgbọ́n jọ́ìntì náà ṣì gbẹ ju ti fàdákà lọ, bọ́ílà sì ń wú ó ń sún kì ní gbogbo ìgbà tó bá gbóná tó sì tutù. Mi ò ní lò ó.

Ọmọ_Kọ́pà

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Dúrọ́ọ̀mù yẹn, mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, mo ti pa á tì. Mo fi ángùlù jó férémù ní gíga ìbàdí, mo fi pẹpẹ irin lásán tí ò ní síǹkì sórí ẹ̀, mo to bíríkì fúfúyẹ́ bí ẹ ṣe ní, bọ́nà propane ńlá, sílíńdà wà níta. Ìyàtọ̀ ẹ̀ pọ̀! Bọ́ílà gbóná pupa rẹ́súrẹ́sú ní gbogbo ara ẹ̀, sódà sáré yí àwo orí po fúnra ẹ̀, mo rí i tó yọ jáde ní òdìkejì.

Ó wá ku jọ́ìntì tó kẹ́yìn, àwo ìdí. Gbogbo fítíńgì ti wà lára ẹ̀, mo ti fi bóòtù dí ojú wọn kí fúlọ́ọ̀sì má bàa wọ inú ìlà ẹ̀. Mo gbóná ẹ̀ dáadáa, sódà ṣàn, àmọ́ ibì kan lójú jọ́ìntì náà ń hó wẹ́wẹ́, ó ń tú sódà síta, kò gbà kó dí. Kí ló fà á?

Màmá_Fàdákà

Atẹ́gùn ni! Yọ bóòtù yẹn kúrò kíákíá kó o tó tún tan iná. O ti di bọ́ílà náà pa, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ń wú bó ṣe ń gbóná, kò ríbi jáde àfi ojú jọ́ìntì tí sódà ti ń ṣàn. Àwa náà tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ oníhò inú ò jẹ́ jó o láìlu ihò kékeré sí i. Tí omi bá wà nínú ẹ̀ ni, ì bá bú.

Tó o bá fẹ́ kí sódà má wọ ìlà fítíńgì, fi lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù dúdú kun inú ẹ̀, tàbí òdà funfun tí wọ́n fi ń pa àṣìkọ rẹ́ lórí ìwé, sódà kì í gba orí ẹ̀. Ihò á sì ṣí sílẹ̀.

Àǹtí_Ààbò

Mo gbà pẹ̀lú Ìyá wa. Òdà funfun yẹn, jẹ́ kó gbẹ tán pátápátá kó tó rí iná, omi inú ẹ̀ ń gbiná.

Bọ̀dá_Wẹ́dà

Àbúrò o ṣe dáadáa. Kí o tó tún jó àwo ìdí yẹn, rọra gbé e o, kọ́pà tó ti pupa rí ti rọ̀ bọ̀ọ́rọ́, tó o bá fún un mọ́ fáìsì ó máa rún. Nígbà tó bá sì wà nínú iná pupa, fi bíríkì ti páìpù inú ẹ̀ lẹ́yìn kí wọ́n má bàa tẹ̀ lábẹ́ ìwúwo ara wọn.

Tó o bá rántí lo sódà tó yọ́ lókè díẹ̀ fún àwọn jọ́ìntì àkọ́kọ́, kó o wá fi èyí tó yọ́ nísàlẹ̀ parí, àwọn ti tẹ́lẹ̀ ò ní ṣí lójú ẹ nígbà tó o bá ń jó ti ìgbẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ ọ̀kan náà lo ti ń lò látòkè délẹ̀, kùn fúlọ́ọ̀sì sójú àwọn ti àtijọ́ náà kí wọ́n tó gbóná, bí wọ́n bá tún yọ́ wọn á padà sípò.

Ọmọ_Kọ́pà

Bóòtù náà ni lóòótọ́, mo ti yọ wọ́n. Ẹ ṣé gan-an ni. Báwo ni mo ṣe máa fọ gíláàsì fúlọ́ọ̀sì kúrò lára ẹ̀ kí n tó tún un jó, búrọ́ọ̀ṣì irin ò mú un.

Màmá_Fàdákà

Má fi búrọ́ọ̀ṣì irin ha á, ásíìdì ló ń jẹ ẹ́. Citric acid ni mo máa ń lò, èyí tó dà bí iyọ̀, bíi gíráàmù 100 sínú lítà omi kan, nínú garawa ọ̀rá tó ní ìdérí. Ó lọ́ra, fi í sílẹ̀ mọ́jú, tí omi náà bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ á yára. Kọ́kọ́ jẹ́ kí bọ́ílà tutù débi tó o lè fọwọ́ kàn án, má ju nǹkan pupa sínú ásíìdì, páìpù inú ẹ̀ á tu ásíìdì gbígbóná sí ọ lójú. Má fi ẹ̀mú irin wọ inú ẹ̀, irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ásíìdì yẹn máa ń mú kí kọ́pà lẹ̀ mọ́ ara iṣẹ́, ohun tí mo ń jó jẹ́ fàdákà, ó máa ń di pupa. Ẹ̀mú ọ̀rá tàbí ti kọ́pà ni.

Onífíríìjì

Àwọn kan ń lo ásíìdì bátìrì tuntun, wọ́n á pò ó pẹ̀lú omi bíi ìlọ́po mẹ́ta, ó yára ju ti citric lọ. Ásíìdì ni wọ́n ń dà sínú omi o, wọn kì í da omi sínú ásíìdì. Èyí tó ti wà nínú bátìrì rí ò dáa, òjé wà nínú ẹ̀.

Àǹtí_Ààbò

Èmi ò gba ti bátìrì fún inú ilé. Citric á ṣe iṣẹ́ kan náà tó o bá ní sùúrù, kò sì ní jó ọ lára bẹ́ẹ̀. Èyíkéyìí tó o bá lò, fi omi gbígbóná pẹ̀lú sódà ìyan (baking soda) fọ inú bọ́ílà léraléra, ásíìdì máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn páìpù, tó o bá wá gbé e sí iná láìgbẹ ẹ́ dáadáa, ó di sìtíìmù.

Ẹ̀rọ_Kékeré

Tí àwo ìdí bá ti dí, má fi afẹ́fẹ́ dán an wò, má sì dáná sí i láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Omi tútù ni. Fi omi kún un bámú, jẹ́ kí gbogbo atẹ́gùn jáde ní ojú fítíńgì tó ga jù, kó o tó so pọ́ọ̀m̀pù ọwọ́ kékeré àti géèjì mọ́ ọn, rọra gbé e dé ìlọ́po méjì agbára tó o fẹ́ máa lò ó, dá a dúró síbẹ̀ kó o máa wo géèjì. Omi kì í fún pọ̀, tí jọ́ìntì kan bá já, ó kàn máa tu díẹ̀ ni géèjì á ti bọ́ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ló máa ń gbé awọ kọ́pà fò. Tó o bá rí ibi tó ń làágùn, sàmì sí i, tú omi dànù, gbẹ ẹ́ pátápátá, fọ̀ ọ́, kùn fúlọ́ọ̀sì, gbé gbogbo bọ́ílà padà sí ààrò. Má fi lẹ́ẹ̀dì àwọn onírédíò lẹ̀ ẹ́ o, ibi tí lẹ́ẹ̀dì yẹn bá ti kàn, sódà fàdákà ò ní lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa mọ́.